Ọmọ Ilé Ni Ọ́, Má Ṣe Di Àlejò: Ohun Tí Ìsinmi Kan Ní Ìsẹ́yìn Kọ́ Mi

Ní orúkọ Ọlọ́hun, Àjọkẹ́-ayé, Àṣàkẹ́-ọ̀run. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba gbogbo ẹ̀dá. Kí ikẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀ lápapọ̀.



Àsìkò ìsinmi ọlọ́jọ́ gígùn ti tún dé. Àwọn ilé-ìwé ti ń tì, àwọn ọmọ ti ń di ẹrù wọn. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, lẹ́yìn tí a parí ẹ̀kọ́ nahwu, ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní: "Ustaadh, ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo lè dúró sí mọ́dárásá nínú ìsinmi yìí? Bí mo bá lọ sílé, iṣẹ́ ni wọn yóò kàn máa fún mi ṣe. Kéwú mi yóò sì bàjẹ́."

Ọ̀rọ̀ náà dùn létí. Olùkọ́ wo ni inú rẹ̀ kò ní dùn sí ọmọ tó ní torí kéwú ni òun kò fi fẹ́ lọ sílé? Ṣùgbọ́n mo wo ojú rẹ̀, mo sì rí ara mi níbẹ̀. Irú ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ni èmi náà sọ ní nǹkan bí ọdún 14 sẹ́yìn, mo sì mọ ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀. Kì í ṣe kéwú. Ìtìjú ni.

Mo ní kó máa lọ sílé. Ó béèrè ìdí. Ìdáhùn tí n kò lè fún un tán lórí ìdúró ni mo kọ sílẹ̀ yìí, kí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lè kà á, kí àwọn òbí náà sì bá wọn kà á.

Àlejò nínú ilé bàbá rẹ̀

Ọmọ Ìsẹ́yìn ni mí. Bí a bá dárúkọ ìlú wa, aṣọ òfì ló máa ń tẹ̀lé e lẹ́nu èèyàn: sányán, àlàárì, ẹtù. Ahunṣọ ni bàbá mi, ahunṣọ ni bàbá tó bí i lọ́mọ. Lábẹ́ àtíbàbà wa ni mo ti ń wo bí wọ́n ṣe ń ju ọkọ̀ ìhunṣọ kí n tó mọ alif yàtọ̀ sí baa. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì ní Ìlọrin láti kọ́ èdè Lárúbáwá àti ìmọ̀ ẹ̀sìn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wọ jalaabíà funfun, àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ní Ustaadh, òfì sì di ohun tí n kì í fẹ́ dárúkọ. Bí wọ́n bá bi mí pé iṣẹ́ wo ni bàbá mi ń ṣe, mo máa ń dáhùn pé òwò aṣọ ni.

Ní ìparí ọdún kejì mi níbẹ̀, mo pinnu láti dúró sí Ìlọrin. Mo ní mo fẹ́ ráàyè kàwé. Ìyá mi pè mí lórí fóònù. Kò bínú. Ó kàn ní: "Àgbàdo tuntun ti dé. Bàbá rẹ ń bi mí pé ọjọ́ wo lo ń bọ̀." N kò mọ èsì tí mo lè fún un. Mo di ẹrù mi, mo gba Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ọ̀yọ́ kọjá, mo sì dé ilé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àlàmísì.

Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, àlejò ni mo jẹ́ nínú ilé bàbá mi. Bí mo bá kírun Àsùbá tán, mo ń padà sùn títí oòrùn yóò fi ga. Ìyá mi ń gbé oúnjẹ wá bá mi nínú yàrá. Bí bàbá mi bá pè mí sí ìdí òfì, mo ń dáhùn pé mo ń kàwé lọ́wọ́. Nígbà mìíràn, òótọ́ ni. Suuratul-Israa ni mo ń tún kà, aaya 23 àti 24, nítorí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe ìdánwò lórí rẹ̀ ni, mo sì gba máàkì tó ga.

Ẹ mọ ohun tó wà nínú àwọn aaya náà. Ibẹ̀ ni Ọlọ́hun ti pàṣẹ pé Òun nìkan ni kí á máa sìn, tí Ó sì so dáadáa ṣíṣe sí òbí méjèèjì mọ́ ọn láìfi ohunkóhun sí àárín. Ó kọ̀ fún ọmọ láti sọ ọ̀rọ̀ tó kéré jù lọ nínú ọ̀rọ̀ àìfẹ́ sí wọn, èyíinì "uff". Mo mọ ìdí tí ọ̀rọ̀-ìṣe ibẹ̀ fi gba sukuun. Mo mọ ohun tí àwọn onímọ̀ sọ nípa ìyẹ́ ìrẹ̀lẹ̀ tí ọmọ gbọ́dọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ fún òbí. Gbogbo rẹ̀ ni mo mọ̀. Ìyá mi sì ń gbálẹ̀ yàrá tí mo jókòó sí, tí mo ti ń kà á, mo kàn ń gbé ẹsẹ̀ mi sókè kí ìgbálẹ̀ lè kọjá.

Ọ̀rọ̀ tí mo sọ lẹ́yìn àtíbàbà

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, bàbá mi gba iṣẹ́ ńlá kan: aṣọ ìgbéyàwó fún ìdílé kan ní Ìbàdàn. Ọjọ́ tí wọ́n dá kò jìnnà, ọwọ́ kò sì tó. Èmi náà jókòó sí ìdí òfì, nítorí kò sí irọ́ tó kù tí mo lè pa.

Ẹni tí kò bá jókòó síbẹ̀ rí lè rò pé eré ni. Òwú gbọọrọ ni a máa ń nà síwájú, a ó so òkúta mọ́ ìparí rẹ̀ kó lè le. Ẹsẹ̀ méjèèjì ń tẹ igi nísàlẹ̀, ọwọ́ kan ń ju ọkọ̀, èkejì ń gbà á, ojú kò sì gbọdọ̀ kúrò lára òwú. Ohun tó ń jáde wá kò fi bẹ́ẹ̀ fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ irú rẹ̀ ni télọ̀ yóò rán pọ̀ kó tó di agbádá kan. Ìka mi tó ti rọ̀ láti ọdún méjì bó. Òwú ń já mọ́ mi lọ́wọ́. Bàbá mi a na ọwọ́ wá láti òfì tirẹ̀, a bá mi so ó, a tún padà sí iṣẹ́ rẹ̀ láìsọ̀rọ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ọ̀rẹ́ mi kan ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, tó ń bọ̀ láti Ìbàdàn, tó ń lọ sí Ṣakí, yà kí mi. Síńgílẹ́ẹ̀tì ló bá lọ́rùn mi, òógùn ń bọ́, òwú lẹ̀ mọ́ irun mi. Bàbá mi wà ní òfì kejì nínú aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ tó ti gbó. Ọ̀rẹ́ mi kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Nígbà tí a jáde síta, ó bi mí pé: "Ṣé bàbá yín nìyẹn?"

Mo ní: "Ọ̀gá tó ń kọ́ mi níṣẹ́ ni. Mo kàn ń fi ìsinmi yìí kọ́ ọ ni."

Àtíbàbà kò ní ògiri. Nígbà tí mo padà wọlé, òfì bàbá mi ti dákẹ́. Ó ń so òwú kan tó já. Kò wò mí. Ó ní: "Ṣé àlejò rẹ ti mu omi?" Ìyẹn nìkan ló sọ. A bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ padà, a sì ṣe é títí di ìrun Àsárì.

Ká ní ó bú mi ni, ìbá sàn fún mi. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, oorun kò kùn mí. Aaya yẹn ló ń pa dà wá sí mi lọ́kàn. Lóòótọ́, n kò sọ "uff" sí bàbá mi. Mo sọ pé kì í ṣe bàbá mi ni. Àwọn onímọ̀ ti là á yé wa pé bí Ọlọ́hun bá kọ̀ fún wa láti ṣe èyí tó kéré, èyí tó tóbi jù ú lọ ti wà nínú ìkọ̀ náà tẹ́lẹ̀. Mo kọ ìyẹn sínú ìwé ìdánwò mi. Wọ́n fún mi ní máàkì lórí rẹ̀.

Bíríkìlà tó mọ̀ jù mí lọ

Ọjọ́ mẹ́ta ni n kò fi lè wo ojú bàbá mi. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹta, mo lọ sí ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ gbé wàláà ní ilé-kéwú nígbà èwe. Òun kò lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì kankan. Iṣẹ́ bíríkìlà ló kọ́. Ṣùgbọ́n ó ti há Àlùkùránì sórí látòkè délẹ̀, ó sì máa ń ka ìpín rẹ̀ bó ṣe ń to búlọ́ọ̀kù. Èmi tí mo ń lọ sí Ìlọrin kò tíì há ìdajì rẹ̀.

Mo sọ ohun tí mo ṣe fún un. Kò rẹ́rìn-ín, kò sì bú mi. Ó ní: "Ìwọ tó o gbọ́ Lárúbáwá, lọ wo ohun tí Ọlọ́hun ní Òun kọ́ Ànábì Dáúdà."

Mo lọ wò ó nínú Suuratul-Anbiyaa, aaya 80. Ẹ̀wù irin tí wọ́n ń wọ̀ sójú ogun ni Ọlọ́hun kọ́ Ànábì Dáúdà láti máa ṣe. Ọ̀rọ̀ tí aaya náà lò fún ẹ̀wù yìí ni "labuus". Láti ara lám, bá àti síìn ló ti jáde, níbi kan náà tí "libaas" ti jáde, èyí tó túmọ̀ sí aṣọ. Mo jókòó, mo ń wo ọ̀rọ̀ náà. Irin ni ti Ànábì Dáúdà, òwú ni ti bàbá mi. Ṣùgbọ́n ohun wíwọ̀ ni méjèèjì, ohun tí a fi ń bo ọmọ èèyàn lára. Ọlọ́hun kò ka kíkọ́ni ní irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ sí ohun tí kò yẹ Òun. Èmi ni mo kà á sí ohun tí kò yẹ mí.

Nígbà náà ni àwọn ohun tí mo ti kọ́ tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tò lẹ́sẹẹsẹ. Ó wà nínú Bukhari pé Ojíṣẹ́ Ọlọ́hun, kí ikẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, sọ pé kò sí oúnjẹ tí èèyàn jẹ tó dára ju èyí tó jẹ nínú iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀, ó sì fi Ànábì Dáúdà ṣe àpẹẹrẹ. Bẹ́ẹ̀, ọba ni Dáúdà! Muslim gbà á wá pé káfíńtà ni Ànábì Sakariyya. Suuratul-Qasas sọ bí Ànábì Músá ṣe gbà láti da ẹran fún ọdún 8, tàbí 10 bó bá fẹ́, kó lè fẹ́ ìyàwó. Ànábì tiwa náà da àgùntàn fún àwọn ará Mákà, ó sì gba owó iṣẹ́. Nínú gbogbo wọn, ta ni ojú tì?

Lẹ́yìn ìrun Àsùbá ọjọ́ kejì, mo lọ bá bàbá mi níbi tó ti ń ṣe tẹ̀súbáà. Mo kúnlẹ̀. Mo ní: "Bàbá, ẹ foríjì mí. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ fún ọ̀rẹ́ mi lọ́jọ́sí..."

Ó ní: "Mo gbọ́."

Ó ka tẹ̀súbáà rẹ̀ síwájú díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní: "Kì í ṣe irọ́ lo pa. Èmi ni mo ń kọ́ ọ níṣẹ́. Ìdajì tó kù lo kò sọ." Ó dìde, ó fọwọ́ kan orí mi. "Má jókòó pẹ́. Ọjọ́ ti ń lọ lórí iṣẹ́ oníṣẹ́."

Ìyókù ìsinmi náà

Láti ọjọ́ náà títí mo fi padà sí Ìlọrin, n kò tún jẹ́ àlejò mọ́. Mo ń ka ìpín kan nínú Àlùkùránì lẹ́yìn Àsùbá, mo ń gbálẹ̀ àgbàlá fún ìyá mi, lẹ́yìn náà ó di ìdí òfì. Bí ọwọ́ mi ṣe ń ju ọkọ̀ ni ẹnu mi ń tún ohun tí mo há ka. Bàbá mi, tí kò gbọ́ Lárúbáwá, a máa sọ pé: "Tún ibẹ̀ yẹn kà, ó dùn létí mi." Lẹ́yìn Àsárì, a ó sun àgbàdo, àwọn ọ̀rẹ́ mi àtijọ́ a wá, a ó jọ jẹ ẹ́. Lẹ́yìn Màgàríbì, mo ń ran Àáfà wa àtijọ́ lọ́wọ́ láti kọ́ àwọn ọmọdé. Ní ọjọ́ Àìkú, èmi àti ìyá mi a lọ kí àwọn ẹbí tí n kò fojú kàn láti ọdún méjì. Ìyá àgbà kan di ọwọ́ mi mú, kò fẹ́ fi í sílẹ̀. Kí ìsinmi mìíràn tó dé, Ọlọ́hun ti pè é. Bí mo bá ti dúró sí Ìlọrin ńkọ́?

Nígbà tí wọ́n san owó aṣọ ìgbéyàwó náà, bàbá mi ka owó ilé-ìwé mi sọ́tọ̀ kó tó ka ti oúnjẹ. Ọdún méjì ni mo ti ń gba owó yẹn lọ́wọ́ rẹ̀, n kò bi ara mi rí pé báwo ló ṣe ń wá. Lọ́dún yẹn, ìka mi tó bó ti dáhùn ìbéèrè náà.

Ohun tí mo ń sọ

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ohun tí mo ń sọ kò le. Ilé ni ibi tí wọ́n ti ń yẹ ìmọ̀ wa wò. Ní mọ́dárásá, a lè mọ aaya òbí láìrí òbí kankan níwájú wa. Ní ilé, aaya náà yóò pè ọ́ ní agogo méje àárọ̀, yóò ní kó o wá gbé omi. Ẹni tó bá sá fún ilé nítorí kéwú, ó ń sá fún ìdánwò kéwú náà ni.

Ó wà nínú Bukhari pé oore méjì kan wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń pàdánù lórí wọn: ìlera àti àyè. Ìsinmi ọlọ́jọ́ gígùn fún ọ̀dọ́ ni méjèèjì pọ̀. Ẹ má jẹ́ kí fóònù jẹ ẹ́ tán. Kì í ṣe gbogbo ilé ni òfì wà, mo mọ̀. Ẹni tó wà ní Èkó lè dúró ní ṣọ́ọ̀bù ìyá rẹ̀, kó mọ iye tí ọjà ń wọlé àti èrè tó wà lórí rẹ̀. Ẹni tí bàbá rẹ̀ jẹ́ mẹkáníìkì lè tẹ̀lé e lọ. Ẹ̀yin ọmọkùnrin, ẹ má sì fi ìgbálẹ̀ àti ìdáná sílẹ̀ fún àwọn arábìnrin yín nìkan. Wọ́n bi Ìyá wa Áíṣà léèrè ohun tí Ojíṣẹ́ Ọlọ́hun máa ń ṣe nínú ilé, ó ní iṣẹ́ ará ilé rẹ̀ ló máa ń bá wọn ṣe, bí àsìkò ìrun bá tó, yóò jáde lọ kírun. Ta wá ni ìwọ?

Ẹ̀yin òbí, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín. Akẹ́kọ̀ọ́ mi kò parọ́ tán nígbà tó ní kéwú òun yóò bàjẹ́. Àwọn ilé kan wà tí ọmọ bá dé, kò ní ráàyè ṣí Àlùkùránì títí yóò fi padà. Àwọn kan ń kiri ọjà di alẹ́ ní gárèèjì, ibi tí ewu wà fún ọmọbìnrin àti ọmọkùnrin. Iṣẹ́ tí ń ba ìrun àti ara ọmọ jẹ́ kì í ṣe ẹ̀kọ́. Ẹ fún un ní àsìkò fún kéwú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó ka díẹ̀ sí yín létí. Àwọn mìíràn sì wà tí wọ́n ń fi ọmọ sílẹ̀ bí ọba, wọ́n ní ìwé ti rẹ̀ ẹ́. Ìyẹn náà kò ràn án lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ kó mọ ibi tí owó ti ń wá, kó mọ̀ ọ́n pẹ̀lú ọwọ́ rẹ̀, kì í ṣe pẹ̀lú ìbúra yín nígbà tí inú bá ń bí yín.

Àwa olùkọ́ náà ń kọ́? A máa ń yin ọmọ tó dúró tì wá nínú ìsinmi. A kì í bi í léèrè pé ta ló ń retí rẹ̀ nílé. Mo ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí, mo sì tọrọ àforíjì lọ́dọ̀ Ọlọ́hun.

Akẹ́kọ̀ọ́ mi lọ sílé ní ọjọ́ Sátidé. Mo fún un ní iṣẹ́ àṣetiléwá kan ṣoṣo: bí ó bá padà, kó ṣàlàyé fún wa ní kíláàsì, ní èdè Lárúbáwá, bí wọ́n ṣe ń ṣe iṣẹ́ bàbá rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun kò mọ orúkọ àwọn irinṣẹ́ náà ní Lárúbáwá. Mo ní kó kọ́kọ́ lọ mọ̀ wọ́n ní Yorùbá lọ́wọ́ bàbá rẹ̀.

Ojú bàbá tèmi kò ríran rí òwú dáadáa mọ́ báyìí. Bí mo bá délé, èmi ni mo ń so èyí tó já. Bí ẹnikẹ́ni bá yà kí wa, n kì í jẹ́ kó béèrè kí n tó sọ ọ́: "Bàbá mi nìyí. Òun ló kọ́ mi níṣẹ́."

Kí Ọlọ́hun kẹ́ àwọn òbí wa bí wọ́n ṣe kẹ́ wa nígbà tí a wà ní kékeré. Kí Ó foríjin èyí tó ti kú nínú wọn, kí Ó fún èyí tó wà láàyè ní ìlera. Kí Ó fi alùbáríkà sínú ìmọ̀ wa àti iṣẹ́ ọwọ́ wa. Kí Ó mú gbogbo àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa délé láyọ̀, kí Ó sì mú wọn padà láyọ̀. Aamiin.